Òfin Gírámà Gẹ̀ẹ́sì: Èwo Ni Ẹ̀tẹ̀, Èwo Ni Làpálàpá?

Àwọn àgbà ní ọmọdé tí ó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun. Nítorí náà ni a ṣe wẹ ọwọ́ wa tí a sì sún mọ́ àwo, láti gbé ọ̀rọ̀ kan yẹ̀ wò tí ó kan olúkúlùkù wa tí ń múra láti di ṣọ́ọ̀kì mú níwájú àwọn ọmọdé. Ọ̀rọ̀ náà ni pé, ǹjẹ́ àwọn òfin gírámà Gẹ̀ẹ́sì tí a jogún láti inú ìwé àtijọ́ ní ìtumọ̀ ní tòótọ́, tàbí wọ́n kàn ń dẹ́rù bà wá ni?

Ní ẹnu àwọn ará ìlú, gírámà kì í ṣe orúkọ ẹ̀kọ́ kan. Gẹ̀ẹ́sì líle tí etí kò tètè gbọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá dìde ní ìpàdé ní Ọ̀jọ́ tàbí ní Ìbà, tí ó sì ń to ọ̀rọ̀ gígùn lé ara wọn, wọn a ní, "Gírámà ni ó ń sọ." Nígbà mìíràn ìyìn ni, nígbà mìíràn ẹ̀fẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ó rí, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé gírámà jẹ́ ohun tí a fi ń ya ènìyàn kan sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ènìyàn yòókù. Ìdí nìyí tí ọmọdé púpọ̀ fi ń bẹ̀rù rẹ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tí í ṣe.

Láàárín àwa olùkọ́ náà, ẹgbẹ́ méjì ni ó wà. Ẹgbẹ́ kìíní gbà pé gbogbo òfin inú ìwé ni ó dọ́gba, pé ẹni tí ó bá rú ọ̀kan ti rú gbogbo rẹ̀. Ẹgbẹ́ kejì ní òfin àwọn òyìnbó ni gbogbo rẹ̀, pé bí ọ̀rọ̀ bá ti yé ẹni tí ń gbọ́, ó parí. Àwa rò pé ẹgbẹ́ méjèèjì ni ó ṣìnà. Yorùbá ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹgbẹ́ kìíní kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àrùn méjèèjì. Ẹgbẹ́ kejì ní kò sí àrùn kankan. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti mọ èyí tí ń jẹ ẹran ara àti èyí tí ó wà lójú awọ nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí gírámà jẹ́. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Èkíní ni ètò tí ó wà nínú èdè fúnra rẹ̀, tí ọmọ ń gbà láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Kò sí olùkọ́ tí ó kọ́ wa pé "Ajá bu ọmọ jẹ" kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú "Ọmọ bu ajá jẹ." Ó ti wà ní etí wa kí a tó mọ A yàtọ̀ sí B. Èkejì ni àwọn òfin tí ènìyàn kọ sínú ìwé nípa bí ó ṣe wù wọ́n kí àwọn ẹlòmíràn máa sọ̀rọ̀. Òfin ti èkíní kò lè ṣàìsí, nítorí láìsí i kò sí èdè. Ṣùgbọ́n òfin ti èkejì ní ọjọ́ ìbí, ó sì ní bàbá, a sì lè bi í léèrè ìdílé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bi díẹ̀ nínú wọn. A sábà máa ń gbọ́ pé a kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ atọ́kùn parí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì, pé kí a má ṣe sọ pé "Who did you go with?" bí kò ṣe "With whom did you go?" Ní ọdún 1672 ni John Dryden, akéwì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ka irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sí àléébù nínú iṣẹ́ Ben Jonson tí ó ti kú ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, nígbà tí Dryden ń tún ìwé tirẹ̀ tí ó tẹ̀ ní 1668 tẹ̀ jáde ní 1684, ó níláti máa yọ àṣìṣe kan náà kúrò níbẹ̀, nítorí pé òun náà ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìfura. Ní 1762, Robert Lowth, àlùfáà kan tí ó padà di bíṣọ́ọ̀bù London, tẹ ìwé gírámà kékeré kan jáde. Kò fi òfin de ọ̀rọ̀ yìí pátápátá. Ó gbà pé ó bá ọ̀rọ̀ ẹnu mu, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà kejì ní ọ̀ṣọ́ jù ú lọ nínú ìwé kíkọ. Níbi tí ó ti ń sọ èyí gan-an ni ó ti fi ọ̀rọ̀ atọ́kùn parí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní 1795, Lindley Murray, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ó ń gbé lẹ́bàá ìlú York, kọ ìwé gírámà fún ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan níbẹ̀. Ìwé yìí tàn ká ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, ohun tí Lowth fi pẹ̀lẹ́ sọ sì di àṣẹ lẹ́nu àwọn olùkọ́.

Òfin kejì ni pé a kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ kankan sí àárín "to" àti ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tẹ̀lé e, bí ẹni tí ó kọ "to boldly go." Òfin yìí kò tilẹ̀ sí nínú ìwé Lowth. Ní ọ̀rúndún tí ó tẹ̀lé e ni ó gbilẹ̀. Henry Alford, olórí àlùfáà ilé ìjọsìn ńlá ti Canterbury, sọ̀rọ̀ lòdì sí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ní 1864. Nígbà tí yóò fi di 1926, H. W. Fowler, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń bọlá fún nínú ọ̀rọ̀ ìlò èdè, ti ń fi àwọn tí ń bẹ̀rù rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ojú tí àwọn ọ̀mọ̀wé ayé ìgbà náà fi ń wo èdè ni pé Látìnì ni ọba èdè. Nínú Látìnì, ọ̀rọ̀ atọ́kùn kì í sábà jìnnà sí orúkọ tí ó ń tọ́ka sí. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì sì ń fi ọ̀rọ̀ méjì sọ, "to love," ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Látìnì fi ń sọ ọ́, "amare," tí a kò lè là sí méjì. Bí ẹni tí ó rí agbádá Látìnì tí ó sì fẹ́ fi tipátipá wọ̀ ọ́ fún Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ náà rí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó jẹ irú ìyà yìí. Èdè tiwa náà mọ̀ ọ́n. Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ó sì tẹ ìwé gírámà Yorùbá jáde ní 1852. Iṣẹ́ ńlá ni, a kò sì lè dúpẹ́ rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ètò gírámà Gẹ̀ẹ́sì àti Látìnì ni ó wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ìgbà náà, ètò náà ni wọ́n sì fi wọn èdè wa. Ó pẹ́ kí a tó rí ìwé bí èyí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ̀ jáde ní 1966, tí ó wo Yorùbá gẹ́gẹ́ bí Yorùbá.

Nínú ọ̀rọ̀ àkọtọ́ ni èyí ti hàn jùlọ. Àwọn ìjọ pàdé ní Èkó ní 1875 láti fìdí bí a ó ti máa kọ Yorùbá múlẹ̀, a sì ń tẹ̀lé ọ̀nà àtijọ́ yìí títí ìjọba fi fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974. Ṣáájú ìgbà náà, "enia" àti "aiye" ni ó tọ́; lẹ́yìn rẹ̀, "ènìyàn" àti "ayé" ni ó tọ́. "Otta" ni wọ́n ń kọ Ọ̀tà, tí í ṣe ìlú Àwórì gẹ́gẹ́ bí Ìbà ti jẹ́. Ọmọ tí ó gba máàkì lánàá fún ọ̀rọ̀ kan ni a lè fi yíǹkì pupa fa igi sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó yí ohùn rẹ̀ padà ní Ọ̀tà tàbí ní Ìbà. Òfin àdéhùn ni èyí: ó wúlò nítorí pé gbogbo wa pa á mọ́ pọ̀, kì í ṣe nítorí pé ó sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tìtorí èyí sọ pé kò sí ohun tí ó kan òun kan àmì ohùn, kí ó kọ "ọkọ," "ọkọ̀" àti "ọkọ́" láìsí àmì, kí ó sì sọ fún wa èyí tí ó gbé arìnrìn-àjò lọ sí Àgbádárìgì nínú wọn.

Nítorí náà, ajọ̀ mẹ́ta ni a dábàá pé kí olùkọ́ máa fi jọ òfin gírámà. Ajọ̀ kìíní: bí a bá rú òfin yìí, ǹjẹ́ ẹni tí ń gbọ́ yóò gbọ́ ohun mìíràn yàtọ̀ sí ohun tí a ní lọ́kàn? Ajọ̀ kejì: bí ọ̀rọ̀ tilẹ̀ yé e, ǹjẹ́ gbogbo àwọn tí ń kọ Gẹ̀ẹ́sì dáradára ni ó fohùn ṣọ̀kan lórí òfin náà? Ajọ̀ kẹta: ǹjẹ́ àwọn òǹkọ̀wé tí a ń yìn fúnra wọn ń pa á mọ́? Òfin tí ó bá jábọ́ nínú ajọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, làpálàpá ni rírú rẹ̀.

Ní ìhà Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomáíkò, níbi tí ọmọ Àwórì, ọmọ Ègùn, ọmọ Ìgbò àti ọmọ àwọn àlejò láti ìlú púpọ̀ ti ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan, kò ṣòro láti rí èyí tí í ṣe ẹ̀tẹ̀. Ẹ wo ọmọ tí ó bá sọ pé, "Borrow me your pen." Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, "yá," ni Yorùbá fi ń sọ ti ẹni tí ń fúnni àti ti ẹni tí ń gbà: "Yá mi ní gègé rẹ," "Mo yá gègé lọ́wọ́ rẹ̀." Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ méjì yà wọ́n, "lend" àti "borrow," ẹni tí ó bá sì pa wọ́n pọ̀ nínú ìwé gbèsè lè sọ olówó di ajigbèsè. Ẹ wo ọmọ tí ó sọ nípa ìyá rẹ̀ pé, "He is in the market." Ọmọ náà kò gọ̀, "ó" tiwa kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Ẹ wo ẹni tí ó ní, "My father said they are coming," tí ó sì jẹ́ pé bàbá náà nìkan ni ń bọ̀. Ọ̀wọ̀ ni ó fi "wọ́n" bù fún bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n àlejò tí ó gbọ́ ọ yóò máa wá àga fún ènìyàn mẹ́ta.

Èyí tí ó tóbi jùlọ ni ti ìgbà. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í pa ara dà: ó lọ, ó ń lọ, ó ti lọ, yóò lọ, "lọ" kan náà ni, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ní "go," "goes," "going," "went" àti "gone." Kí ọmọ tó lè mọ ìgbà tí olúkúlùkù wọn yẹ, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ wọn nígbà púpọ̀, kí ó sọ wọ́n nígbà púpọ̀, kí ó sì kọ wọ́n nígbà púpọ̀. Bákan náà ni "s" tí ń sọ ohun kan di púpọ̀, nítorí pé "ìwé méjì" ni àwa ń wí, a kò fi ohun kan kún "ìwé." Bí ogójì ìṣẹ́jú bá jẹ́ gbogbo àkókò tí olùkọ́ ní, tí ó sì lo ogún nínú rẹ̀ láti jágun pẹ̀lú ọ̀rọ̀ atọ́kùn tí ó kẹ́yìn gbólóhùn, àkókò ta ni ó ń jẹ? Ti "went" àti "gone" ni. Àwọn Farisí tí ń ka ewé efinrin láti san ìdámẹ́wàá rẹ̀, tí wọ́n sì gbàgbé àwọn ọ̀ràn tí ó wúwo jù nínú òfin, ni irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ jọ.

Kí a wá mú àwọn òfin tí ó kù wá sínú ajọ̀. "Má ṣe fi 'And' bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn." Kí ẹni tí ó bá gba èyí gbọ́ ṣí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611, kí ó ka orí kìíní ìwé Jẹ́nẹ́sísì, kí ó sì ka iye ẹsẹ tí ó fi ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. "Má ṣe fi ọ̀rọ̀ atọ́kùn parí gbólóhùn." Etí Yorùbá pàápàá kò rí àbùkù níbẹ̀, nítorí a ń wí pé "Ta ni o bá lọ?" a kì í gbé "bá" lọ sí iwájú "ta." "Má ṣe lo 'they' fún ẹnì kan ṣoṣo tí a kò mọ̀ bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni." Ó ti lé ní 600 ọdún tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń lò ó bẹ́ẹ̀. Àwọn wọ̀nyí jábọ́ nínú ajọ̀. Kò sí ẹni tí ó kú nítorí wọn.

Ọ̀rọ̀ tún wà nípa Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti di ti ilẹ̀ wa. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìwé atúmọ̀-èdè ńlá ti Oxford gba ọ̀rọ̀ 29 wọlé láti inú Gẹ̀ẹ́sì ti Nàìjíríà. Lára wọn ni "danfo" tí ń kó èrò ní Ìyànà Ìbà, àti "next tomorrow," tí í ṣe ọ̀túnla wa. Ohun tí olùkọ́ kan ìbá ti fi yíǹkì pupa pa rẹ́ ti wọ ìwé lónìí. Síbẹ̀, wíwọlé sínú ìwé kò sọ pé kò ní ewu. "Severally" náà wọlé. Lọ́dọ̀ wa, ìgbà púpọ̀ ni ó túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ará London, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ sí ará ilé lè lò ó. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ sí òkèèrè gbọ́dọ̀ ronú. Ajọ̀ kìíní ni èyí ṣì jẹ́: ta ni ń gbọ́, kí sì ni yóò gbọ́?

A mọ̀ pé àwọn olùkọ́ wa yóò bi wá pé, "Ìdánwò ńkọ́?" Ìbéèrè rere ni, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀rín fò ó dá. Láti ìgbà tí a ti dá ìgbìmọ̀ ìdánwò Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní 1952 ni Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ ẹnu ọ̀nà fún ọmọ wa. Nínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì ìgbìmọ̀ náà, máàkì 50 ni ó wà: 10 fún ohun tí a sọ, 10 fún bí a ti tò ó, 20 fún bí èdè ti dán mọ́rán sí, àti 10 fún àìṣàṣìṣe gírámà, àkọtọ́ àti àmì. Ààbọ̀ máàkì ni à ń yọ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan nínú 10 yìí. Ọmọ tí ó bá ṣe àṣìṣe ogún ti sọ gbogbo rẹ̀ nù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń kọjá níwájú ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́ lójoojúmọ́, tí àìyege Gẹ̀ẹ́sì kò sì jẹ́ kí wọ́n wọlé. Nítorí náà, ẹni tí ó sọ fún ọmọ tálákà pé gírámà kò já mọ́ nǹkan kan kò fẹ́ràn ọmọ náà. Àwọn ọmọ ọlọ́rọ̀ yóò kọ́ ọ ní ilé wọn, ti tálákà ni yóò dúró síta.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí bí a ti pín máàkì náà. 40 nínú 50 wà fún ọmọ tí ó ní ohun tí ó fẹ́ sọ, tí ó lè tò ó, tí ó sì lè fi ọ̀rọ̀ tí ó yẹ sọ ọ́. Ọmọ tí a ti dẹ́rù bà kì í ní ohun tí yóò sọ. Bí a bá ń dá a dúró ní gbogbo ọ̀rọ̀ kẹta, yóò kọ́ láti dákẹ́, nítorí ẹnu tí ó dákẹ́ kì í ṣi gírámà. Èyí ni ẹ̀tẹ̀ tí ó burú jùlọ nínú ilé ẹ̀kọ́, kò sì sí yíǹkì pupa tí ń rí i.

Ẹ̀rù yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ojú ọ̀nà tí ó gba Òkokomáíkò kọjá lọ sí Àgbádárìgì ni ó lọ sí ibi tí àwọn oníwàásù ti gúnlẹ̀ ní 1842, tí wọ́n sì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ní 1882, òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba ṣe gbé Gẹ̀ẹ́sì lékè, ó sì so owó ìrànlọ́wọ́ mọ́ èsì ìdánwò. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ti gbà pé kí ọmọ tó lè mọ Gẹ̀ẹ́sì, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìyà lé Yorùbá kúrò ní ẹnu rẹ̀. Iṣẹ́ tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́, fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáradára. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáradára ju àwọn tí wọn kò kọ́ bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni kí àwa tí ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí wá ṣe? Àkọ́kọ́, kí olùkọ́ mọ gírámà Yorùbá pẹ̀lú ti Gẹ̀ẹ́sì, kí ó lè mọ ibi tí àṣìṣe ọmọ ti wá. Àṣìṣe tí a mọ orísun rẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó gbọ́ oògùn. Èkejì, kí ó má ṣe pa gbogbo ìwé ọmọ pupa lọ́jọ́ kan. Kí ó mú ẹ̀tẹ̀ kan lọ́sẹ̀ yìí, kí ó wò ó títí yóò fi san, kí ó tó mú òmíràn. Ẹ̀kẹta, bí ọmọ bá ń sọ̀rọ̀, kí ó jẹ́ kí ó parí rẹ̀, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ dá a lóhùn, kí etí ọmọ náà gbọ́ ọ. Ẹ̀kẹrin, kí ó sọ òtítọ́. Bí òfin kan bá jẹ́ ti àdéhùn, tàbí tí àwọn olùṣàyẹ̀wò kan ṣì fẹ́ ẹ, kí ó wí fún ọmọ pé, "Báyìí ni wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nínú ìwé ìdánwò," bí a ti ń sọ fún ọmọ pé báyìí ni a ń wọṣọ lọ sí ilé ìjọsìn. Ọmọ yóò wọ̀ ọ́, kì yóò sì rò pé aṣọ tí òun wọ̀ nílé jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Ìdáhùn wa nìyí sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Òfin gírámà Gẹ̀ẹ́sì ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn kò ní ìtumọ̀ kan náà. Òmíràn ni òpó ilé, òmíràn ni àdéhùn àwọn tí ń gbé inú ilé, òmíràn sì jẹ́ ọ̀dà tí ẹnì kan ní London kùn sára ògiri nítorí pé ó rí irú rẹ̀ ní Róòmù. Ẹni tí ó bá fẹ́ wó òpó nítorí pé ó kórìíra ọ̀dà, ilé yóò wó lé e. Ẹni tí ó bá sì ń fi gbogbo ọjọ́ kun ọ̀dà nígbà tí ikán ń jẹ òpó, òun náà kò ní pẹ́ sùn síta. Kí Ọlọ́run fún wa ní ojú tí yóò mọ ìyàtọ̀, nítorí ọmọ ọlọ́mọ ni ó wà nínú ilé náà.